Bí Mo Ṣe Kí Àwọn Ará Emùré Dé Inú Òjò

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo ti wẹ̀, tí mo ti wọ bùbá tó mọ́, tí mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tí ń retí àwọn tó máa sìn ín. Abà wa wà lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, níbi tí èèyàn ti lè rí orí òkè Olósùnta bí ìkùukùu bá ká. Emùré ni mò ń lọ. Bọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìtàn yìí, nítorí èmi ò mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń lọ ṣe. Ẹ̀rọ kan wà ní abà wa, ó dà bí rédíò ńlá, ó ní sólà, ìyẹn pátákó dúdú tí ń jẹ oòrùn bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Láràárọ̀ ló ń sọ fún wa bóyá òjò ń bọ̀, kí a lè mọ̀ bóyá ká sá láfún tàbí ká má sá a. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ohùn ọkùnrin kan á kàn bẹ̀rẹ̀: "Òjò yóò rọ̀ lónìí." Kò kí ẹnì kan! Ọmọ ta nìyẹn? A ṣe bí ẹni pé a ò gbọ́. Ìgbà tí Ṣẹ́gun, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà, wá gba ohùn mi sínú rẹ̀, tí mo ń kí gbogbo abà kí ìròyìn tó dé, ni àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Láti ìgbà náà, òjò ò ba láfún wa jẹ́ mọ́.

Ọmọ́wùmí, àbúrò mi, ló wà nílé ọkọ ní abà kan lẹ́yìn Emùré. Lọ́dún yìí, òjò ba láfún rẹ̀ jẹ́ títí ó fi ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ohun tó fi ń jẹun nìyẹn. Ṣẹ́gun wá ní àwọn ọ̀gá òun fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ wa lọ sí abà mìíràn. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ò bá gbà á lọ́jọ́ tí a bá dé, ìpínlẹ̀ mìíràn ni yóò gbà á lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ̀ lé e.

Ọ̀kadà gbé wa dé Ìkẹ́rẹ́, èmi gbé ẹ̀rọ tuntun náà lé itan bí ọmọ. Ní gáréèjì, dírẹ́bà wo ẹrù mi.

"Màmá, kí lẹ gbé yìí?"

"Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ni."

"Tó bá ń sọ̀rọ̀, á san owó ọkọ̀."

"Ṣé rédíò tìrẹ tó ń pariwo níwájú yẹn san tiẹ̀?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ká san ìlàjì fún un bí ọmọdé, a sì san án. Ní Ìsẹ̀, a ra àkàrà. Ti ọgọ́rùn-ún náírà ò tóbi ju ìka àtàǹpàkò mi lọ. Nílé wa, ẹni tó bá dín irú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń dín in fún. Láti ibẹ̀, oko kòkó ló wà lọ́tùn-ún lósì, kòtò sì wà láàárín, dírẹ́bà ń yí kiri bí ẹni tí eèrùn wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Ọmọ́wùmí pàdé wa. "Yèyé mi, ẹ káàbọ̀ s'ulé o!" Iyán ti wà nílẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́, wọ́n gún un pẹ̀lú kókó nínú! Mo jẹ ẹ́, mo sì pa ẹnu mi mọ́, nítorí ohun tí mo wá ṣe. Láfún gbogbo abà ti wà lórí àpáta níta, ó funfun bí ẹgbẹ́ lékeléke.

Ìyá Dáre ni olórí àwọn obìnrin ibẹ̀, ó sanra, ojú rẹ̀ ò sì gba gbẹ̀rẹ́. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi tí Ṣẹ́gun ti gbé sínú ẹ̀rọ náà láti abà wa, ó ní, "Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ lèyí ń kí. Ṣé àwa ò lórúkọ ni?"

Mo ní kí Ṣẹ́gun gba ohùn mi tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo kí àwọn tó ń ṣe láfún, mo kí abiyamọ, mo kí ẹni tí orúnkún ń dùn. "Ẹ ò tíì kí àwọn ìsàlẹ̀ odò!" obìnrin kan ké. Mo kí wọn. "Àwọn ọdẹ ńkọ́?" Mo kí ọdẹ. Mo kí àna ọdẹ. Nílé wa, agboolé mẹ́ta ni mò ń kí. Níbí, ilé ò lóǹkà. Ṣẹ́gun ń làágùn.

Ó wá tẹ ẹ̀rọ náà. Mo ń kí wọn látinú rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ "Hòóò!" ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó dùn mọ́ mi nínú. Ojú ọ̀run ń ṣú. Ṣẹ́gun ní, "Ẹ jẹ́ kí n fo èyí tó kù, ká lè gbọ́ ìròyìn òjò."

Ìyá Dáre jágbe mọ́ ọn: "Wọ́n ń kí wa lọ́wọ́, o ní kí o já a gbà lẹ́nu wọn? Wọn ò tíì kan àwa!"

Àfi gbàà! Òjò dé. Gbogbo wa sáré sórí àpáta pẹ̀lú agbọ̀n àti ìró. Láfún ti di ọ̀gì. Ẹnì kan ti da báàfù bo ẹ̀rọ náà, ohùn ọkùnrin yẹn sì jáde lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Òjò yóò rọ̀ lónìí. Ẹ má sá láfún."

Mo wo àbúrò mi, omi ń kán ní gèlè rẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ kí wa dé inú omi."

Ìyá Dáre gbé láfún tútù sókè lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpáta. "Ó mọ̀! Nǹkan yìí mọ̀! Ẹnu Yèyé yìí ló gùn bí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́!" Ó ní àwọn gbà á, ṣùgbọ́n Ìyá Táyé ni yóò máa kí àwọn, obìnrin kan tí wọ́n ní ó bí ọmọ mẹ́fà tí aládùúgbò ò gbọ́ igbe rẹ̀. Ṣẹ́gun gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Obìnrin náà ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé." Ó parí. Ọmọ́wùmí dì mọ́ mi nínú òjò.

Ó dùn mí díẹ̀, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ohun rere bá fẹ́ kúrò ní abà kan lọ sí òmíràn, ẹnu àwọn tó ni ibẹ̀ ni kó fi sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Gbogbo obìnrin abà ti jókòó dè mí, wọ́n ti gbé àpótí wá, wọ́n mọ̀ pé ìròyìn mi á gùn.

Mo ní, "Wọ́n gbà á. Òjò pa wá." Mo wọlé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀ lé mi wọ yàrá, tí ẹnì kan sì gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí láti mọ̀ bóyá ara mi gbóná.