Kànga sàárà tí bàbá mi gbẹ́

Wọ́n dí kànga bàbá mi pa lónìí.

Kí bàbá tó kú ni wọ́n gbẹ́ ẹ síwájú ilé wa n'Íbàfò, sàárà fún gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá ti fa omi níbẹ̀ á ní, "Ọlọ́run á fi àlùjánnà ta Alhaji lọ́rẹ."

Àwọn tó ń tún ilẹ̀ ilé iṣẹ́ kẹ́míkà àtijọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ṣe ló yẹ omi ẹ̀ wò. Wọ́n ní kẹ́míkà ti wọ inú ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n da kọnkéré dí i.

Màámi ò bá wọn jà. Wọ́n kàn bi mí pé, "Omi tá a fún wọn mu yẹn, ṣé làádá ni bàbá yín ń gbà lórí ẹ̀, àbí ẹ̀ṣẹ̀?"

Ẹ̀yin ààfáà tó wà níbí, ẹ dákun, kí ni kí n sọ? Wọ́n ṣì jókòó ti kànga náà níta.