Ẹni Tó Ń Bá Ketil Di Téèpù Mú

Ilé méjì péré ni iná ṣì ń tàn ní àfonífojì wa: tèmi, àti ti Ketil lókè odò. Àwọn yòókù ti kó lọ sí Reykjavik, olú ìlú wa, wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń yọjú lójú fèrèsé kí n lè mọ̀ pé Ketil ò tíì kú. Òun náà ń wo tèmi, ó kàn ń ṣe bíi pé òun ò wò ó ni.

Ẹgbẹ́ ni wá. A jọ lọ sílé ìwé títí mo fi sọ pé ó tó mi, ìyẹn ò sì pẹ́ rárá. Kò fẹ́yàwó. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú, àgùntàn àti ìdákẹ́jẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ló ń mú un dé àárín èèyàn lọ́dún. Tí koríko bá ti ń pupa, gbogbo àwọn tó ní àgùntàn lágbègbè wa ló gbọ́dọ̀ gòkè lọ kó wọn wálẹ̀ kí yìnyín tó bò wọ́n. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní apá òkè tirẹ̀ tó ń wá. Ti ìdílé Ketil ló jìnnà jù, òkúta lásán ni. Tó bá dalẹ́, wọ́n á pàdé nínú ahéré kan lókè níbẹ̀, wọ́n á jẹ ẹran àgùntàn tí wọ́n fi èéfín yan, wọ́n á kọrin títí ohùn á fi há. Ketil tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í kún ṣíbí nílé, òun ló máa ń lé orin níbẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ láti ìgbà náà títí yìnyín á fi yọ́.

Lọ́dún kan, ọwọ́ dà á. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó máa ń gùn gòkè ti kú. Ṣọ́ọ̀kì ni irin onísípíríǹgì tó máa ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà mọ́ra. Tí kò bá gbà á, ọwọ́ àti èjìká ẹni ló máa gbà á. Wọ́n gbé kọfí fún un nínú ahéré, ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, kọfí dà sí i nítan. Orin dákẹ́. Gunnstein tó jẹ́ olórí wọn, Ọba Òkè là ń pè é, rí i.

Lọ́dún kejì ló wá bá a nílé. "Bàbá Ketil, ẹ̀yin lẹ máa ṣí géètì ọgbà àgùntàn fún wa. Ẹ ti gòkè tó."

Ire ló rò o, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni géètì wà, ilé ara rẹ̀ lẹni tó ń ṣí i ti ń sùn. Ketil ní tí òun bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Gunnstein ní ó dáa, tó bá ku ọ̀la kí àwọn gbéra, kó gun ọ̀kadà náà gba ojú odò olókúta, kó sì wá bu kọfí fún òun. Tí kò bá dà, kó máa bá àwọn bọ̀.

Ketil ra ṣọ́ọ̀kì tuntun, èyí tó ní òrùka téèyàn lè fún tàbí kó tú kí sípíríǹgì lè le tàbí kó rọ̀. Ó fi jáàkì gbé ọ̀kadà, ó fi epo àti èébú bẹ àwọn bóòtù tó ti dípẹtà, ó so tuntun mọ́ ọn. Ló bá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Imú ọ̀kadà ń ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so lókùn. Ọwọ́ rẹ̀ wú.

Ó wá sílé mi, ó ní òun wá dá ìkòkò mi padà. Ìkòkò ọ̀hún kì í ṣe tèmi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé kọfí kaná, díẹ̀ díẹ̀ ló sọ ọ́.

"Ta ló bá ẹ wọ̀n ọ́n?" Mo mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo máa ń wọn ti ọkọ mi kó tó kú. Ẹni tó ń gùn ún á jókòó lé e, ẹlòmíì á fi téèpù wo bí imú rẹ̀ ṣe rọlẹ̀ sí.

"Mo wọ̀n ọ́n fúnra mi."

"O wà lórí ẹ̀, o tún wà nílẹ̀? Ìwọ àti iwin wo?"

Ó ṣe é hàn mí lórí àga. Ó tẹ̀ síwájú títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì yé mi. Gbogbo ara rẹ̀ ló kó sí iwájú, iwájú sì rọlẹ̀, ó rò pé sípíríǹgì ló rọ̀, ó fún òrùka. Ó tún tẹ̀, ó tún fún un, títí ó fi di irin gbagidi.

"Ṣé o ò lè pè mí ni, Ketil?"

Ó wo ìkòkò. "Mo rò pé iṣẹ́ ẹnìkan ni."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gòkè lọ. Àga kejì ilé rẹ̀, sípánà ló jókòó síbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ tútù pẹ̀lú ìbàdí mi tó ń ro mí. Mo ní, "Jókòó bí èèyàn. Gbé àyà sókè." A tú òrùka, a wọ̀n ọ́n, ó fò díẹ̀ lórí ẹ̀, a tún un wọ̀n títí ó fi bọ́ sí i. Mo ní ó ti parí, kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀. Ó jókòó ṣánṣán, ó ń wo òkè, èmi ṣì di téèpù mú nísàlẹ̀. Mo jẹ́ kó jókòó. Ìbàdí mi nìkan ló ń ráhùn.

Nígbà tó gun ọ̀kadà gba ojú odò olókúta dé, tó bu kọfí fún Gunnstein, ẹ̀kán kan kán sórí tábìlì. Gunnstein fi apá ẹ̀wù nù ún, ó kọjú sí fèrèsé. "Ẹ lọ múra, Bàbá."

Ó lọ. Ó bọ̀ láìní ohùn mọ́, orin ti gbé e lọ. Lẹ́yìn náà yìnyín dé, kálukú wọlé.

Ọjọ́ kan ni Ketil kanlẹ̀kùn mi, téèpù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní sípíríǹgì tuntun máa ń rọ̀ díẹ̀, ó yẹ ká tún un wọ̀n. Òótọ́ ni, ó máa ń rọ̀. A wọ̀n ọ́n, kò yí padà. Ó tún wá kí Kérésì tó dé. Lẹ́yìn Kérésì, yìnyín ti bo ọ̀kadà dé ìjókòó, a kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì wú u jáde ná ká tó wọ̀n ọ́n.

Kò sí sípíríǹgì tó ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Tó bá ti kanlẹ̀kùn, màá wá bàtà mi. Tí mo bá padà délé, màá dúró lójú fèrèsé títí iná rẹ̀ á fi tàn, kí n tó tan tèmi.