Omi Bátìrì Nínú Ikùn Ọmọ Mi

Mo ti tọ́ omi náà wò rí. Kò dùn, kò korò, ó kàn tẹ́ lẹ́nu bákan ṣáá, bí ẹni pé wọ́n ti kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n sì ti kó nǹkan kúrò nínú rẹ̀ lóòótọ́. Omi tí wọ́n sè títí tó fi di ooru ni, tí wọ́n tún wá gba ooru náà padà kó lè di omi, tí ìdọ̀tí àti iyọ̀ àti gbogbo ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀ sì ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ìkòkò. Omi bátìrì là ń pè é, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ó lè dé ẹnu èèyàn, ká má tíì sọ ẹnu ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí wa, Àkúrẹ́ là ń gbé. Tíṣà ni mí, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Ìyá mi ti kú ní Ìgbàrà-Òkè kí n tó mọ ọkọ mi, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò wá bá mi wẹ ọmọ. Ìyá ọkọ mi ló ní kí n má mikàn, pé tí mo bá ti bímọ, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Oǹdó. Obìnrin gìdìgbà ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ilé tí wọn kò tíì bá wẹ ọmọ ní àdúgbò wọn, Yábà ti Oǹdó. Bí wọ́n bá rí ìkókó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbà á, wọ́n á nà án lápá, wọ́n á nà án lẹ́sẹ̀, kí ìyá ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, ẹ̀rù wọn sì ń bà mí.

Ohun kan péré ló ń kọ mí lóminú. Ní kíníìkì aboyún tí mo ń lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa pé ọmú nìkan ni kí ìkókó máa mu fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ sí àgbo, kò gbọdọ̀ sí omi. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ìyá wa, ẹni tí kò bá fún ọmọ lómi, òùngbẹ ló fẹ́ fi pa á. Wọ́n á gbé ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe ife sí i lẹ́nu, wọ́n á sì rọ ọ́ lómi títí ikùn rẹ̀ á fi le. Bí wọ́n ṣe rọ ọkọ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe rọ èmi náà nìyẹn. Ọkọ mi máa ń tẹ̀ lé mi lọ sí kíníìkì náà. Òun nìkan ni ọkùnrin láàrin wa, òun náà ló sì ń béèrè ìbéèrè jù. Àwọn nọ́ọ̀sì fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn aboyún tí ọkọ wọn kò yọjú, èmi náà sì jókòó síbẹ̀, mò ń wú bíi búrẹ́dì.

Nígbà tí a gbé ọmọ dé Oǹdó, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Ó ní, "Màmá, ọmú nìkan o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un lómi." Màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní ṣé àwọn tí àwọn fún lómi kò dàgbà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Màmá ní ó dáa, àwọn ti gbọ́. Inú mi dùn débi pé mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́, mo ní kó wá wo ọkọ tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi, ọkùnrin tó lè wo ojú ìyá rẹ̀ kó sì sọ òótọ́. Tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n pe ọ̀rẹ́ mi padà, kí n ní kó gbàgbé ohun tí mo sọ.

Àkúrẹ́ ni ọkọ mi ń wà láàrin ọ̀sẹ̀, á sì wá bá wa ní Oǹdó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kì í wá lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kan mo lọ bá a kó iṣu àti ẹja nínú búùtù ọkọ̀, mo sì rí àwọn ìgò oníke kan tí omi wà nínú wọn. Mo béèrè pé kí ni wọ́n wà fún. Ó ní bátìrì ọkọ̀ ló ń gbẹ, òun ní láti máa bu omi sí i. Mo tilẹ̀ kí i pé ó káre, kó máa tọ́jú ọkọ̀ náà dáadáa, torí òun ni yóò gbé wa padà sílé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgò mìíràn tún wà níbẹ̀. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, mo gbà pé bátìrì náà ti darúgbó.

Ọmọ wa wá di ọmọ jẹ́jẹ́. Kì í sunkún púpọ̀, oorun ló ń sùn ṣáá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ń yọ. Àwọn tó wá kí wa ní irú ọmọ tí èèyàn ń gbàdúrà fún nìyí. Ṣùgbọ́n ọmú mi ń kún, ó ń le, ó ń dùn mí. Ọmọ náà á kàn fẹnu kàn án, á sì yí orí kúrò. Mo gbà pé ọmú mi ni kò dùn. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo fi omi gbígbóná jó ọyàn, mo sì ń sunkún ní kọ̀rọ̀ kí Màmá má baà rí mi. Ọkọ mi bá mi nídìí ẹkún náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó dé. Ó dì mọ́ mi, ó ní ọmú mi kò ní àbùkù kankan, kí n fọkàn balẹ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ ti mu nǹkan mìíràn yó. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń nu omijé mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ tán, wọ́n gbé e fún mi. Mo rí i pé ara rẹ̀ tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe fẹ́ fi aṣọ wé e, ojú rẹ̀ yí sókè, apá rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Màmá ní gìrì ni. Ọkọ mi ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, a ò tilẹ̀ rántí wọ bàtà. Bí a ṣe ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn, mò ń pe orúkọ ọmọ náà ṣáá, kò sì dà bí ẹni tó ń gbọ́ mi.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin ni, kò sì jù mí lọ. Wọ́n gún ọmọ lábẹ́rẹ́ tí gbígbọ̀n náà fi dáwọ́ dúró, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, dókítà sì bi mí pé kí ni ọmọ ń jẹ. Mo ní ọmú nìkan. Ó lọ, ó sì padà wá lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó ní iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti wálẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò yàgbẹ́ gbuuru, kò sì bì.

"Ìyá ọmọ, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ ò fún un lómi?"

"Mi ò fún un. Mo lè fi Bíbélì búra."

Ó rọra ní bóyá ẹlòmíràn ló fún un. Inú bí mi. Mo ní tíṣà ni mí, èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ilé wa ti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ó bi ọkọ mi wò. Mo yíjú sí i. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Dókítà náà wò ó. Kò fọhùn. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo bá dáhùn fún un. Mo ní òun náà mọ̀ pé ọmú nìkan ni.

Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni Màmá wà. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé wá bá wa.

"Dókítà, mo fún ọma lómi," wọ́n wí, ní ohùn Oǹdó tí wọ́n fi ń pe ọmọ. "Ojoojúmọ́ ni. Omi tí bàbá ẹ̀ ń rà bọ̀ láti Àkúrẹ́ ni, èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì. Ó ní kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀."

Dókítà náà mí kanlẹ̀, ó sì yára padà sọ́dọ̀ ọmọ. Èmi kò lè yí ọrùn. Mo mọ̀ pé tí mo bá wo ọkọ mi, màá pariwo, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn ń sùn nínú yàrá náà.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bó ṣe fẹ́ padà sí Àkúrẹ́, Màmá bá a dé ìdí ọkọ̀, wọ́n ní ètè ọmọ ń gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ jà, kò sì fẹ́ bá mi jà. Ó ti kà á lórí fóònù pé omi tí wọ́n fi ooru ṣe báyìí kò ní kòkòrò, kò ní kẹ́míkà, pé àwọn kan kì í mu omi mìíràn mọ́, torí wọ́n ní ó ń fọ inú ara. Ló bá rò pé ìdọ̀tí inú omi ló ń ba àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́rù, pé èyí tí kò ní ìdọ̀tí kò lè pa ọmọ lára. Ó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo ti gbà, pé mi ò kàn fẹ́ fojú mi rí i ni, kí wọ́n máa fún ọmọ nígbà tí mo bá ń sùn lọ́sàn-án.

"Mo rò pé omi tó mọ́ jù lọ ni," ó wí.

"Kì í ṣe omi ni mo ń bi ọ́. Nígbà tí dókítà ń bi wá, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ."

Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, dókítà ń wá ohun tó fẹ́ pa á, ojú mi lòun ń rò. Mo padà wọlé lọ bá ọmọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dá iyọ̀ padà sí ọmọ lára, nínú omi tí wọ́n ń fà sí i níṣan. Nígbà tó ti lajú tó sì ń wá ọmú kiri, dókítà náà jókòó tì wá, ó là á yé wa. Ó ní omi yòówù kó jẹ́, ìbáà ṣe ti kànga, ìbáà ṣe èyí tó mọ́ tónítóní, ó ti pọ̀ jù fún ìkókó, nítorí kíndìnrín rẹ̀ kò tíì lágbára láti tì í jáde. Omi náà á kún ikùn rẹ̀, kò ní lè mu ọmú, á sì dín iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù títí ọpọlọ á fi wú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a ń yìn yẹn, omi ni. Èyí tí ọkọ mi rà kò tilẹ̀ ní ìwọ̀nba iyọ̀ tó máa ń wà nínú omi. Màmá béèrè ti àwọn àgbà. Dókítà ní àgbàlagbà tó ń jẹun dáadáa lè mu ún kó má ṣe é ní nǹkan kan, torí oúnjẹ á fún un ní iyọ̀ tó sọnù, ṣùgbọ́n kì í fọ inú ara ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì ń gbààwẹ̀ tó ń mu òun nìkan ń wá àìlera. Ó ní èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì kò tiẹ̀ tọ́ sẹ́nu rárá, torí wọn kò ṣe é fún mímu.

Ọjọ́ tí a padà sílé Màmá ni mo tọ́ ọ wò. Ìgò kan ṣẹ́ kù ní yàrá wọn. Mo ṣí i lójú ọkọ mi, mo bu díẹ̀ mu, mo sì da ìyókù sílẹ̀. Màmá bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bẹ̀ mí títí ó fi sú mi. Wọ́n wá di ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé, tó ń bá àwọn ìyá ìkókó jà nítorí omi. Mo ti dárí jì wọ́n tipẹ́. Wọ́n rò pé mo mọ̀ ni.

Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bàbá tó dáa ni ọkọ mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé mo ríre, mo sì máa ń ní a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ omi náà, mo ti gbé e kúrò lọ́kàn, torí èèyàn lè ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi jẹ́ kí n búra, ó sì dúró tì mí.

Lọ́dún tó kọjá a bí ọmọkùnrin, Màmá sì wá bá wa wẹ̀ ẹ́ ní Àkúrẹ́. Gbogbo wa la jọ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ọmú nìkan ló ń mu. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti dáhùn sókè pé ọmú nìkan ni, pé kò tíì mu omi rí. Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí mi, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Mo yí ọrùn sẹ́yìn, mo wo ojú Màmá níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú báàgì ọmọ lórí itan. Wọ́n wò mí, wọ́n sì mi orí sókè sódò. Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún nọ́ọ̀sì pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi rí i.