Àtẹ Kan Tó Ń Jẹ́ Ẹ Kú Iṣẹ́

Ìwé àlàyé ni mò ń kọ jẹun. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ ìlọta, tí ẹ rí ìwé pélébé tó ní kí ẹ má fi ọwọ́ tó lómi kan wáyà, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mí. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ń ta sọ́fítíwíà fún àwọn kọ́ńpìnnì ńláńlá, èyí tí wọ́n fi ń san owó oṣù, tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹrù tó wà níbi ìkẹ́rùsí. Láìpẹ́ yìí, wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń pè ní éjẹ́ǹtì jáde, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n inú kọ̀ǹpútà. Tẹ́lẹ̀, bí kọ́ńpìnnì kan bá fẹ́ àtẹ tí wọ́n á máa kọ orúkọ oníbàárà sí, tàbí òfin tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó láìgbàṣẹ, ẹni tó mọ kóòdù kọ ló máa jókòó tì í. Ní báyìí, ẹ ó kàn sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún éjẹ́ǹtì ni, yóò sì ṣe é. Bí èèyàn ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kí n kọ sílẹ̀.

Kọ́ńtíráàtì ni mo wà nígbà náà. Ọ̀gá mi ti sọ pé bí ìwé yìí bá dára, wọ́n á sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì ìlera fún gbogbo ilé. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ń fi ìnṣọ́ránsì yẹn gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń tọrọ ọmọ. Èmi náà fẹ́ iṣẹ́ yẹn, kí n má purọ́ fún yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé wa ní Fairwood, l'Amẹ́ríkà níbí, mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ "E ku ise o" sí éjẹ́ǹtì, láìsí àmì ohùn kankan, kí n tó bẹ̀ ẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kó bá mi ṣe àtẹ fún àwọn tó ń kó ọjà wá. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi. Kí n bá nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, kí n má kí i, kí n ṣáà máa bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Éjẹ́ǹtì ṣe àtẹ àwọn ọlọ́jà. Ó tún ṣe òmíràn, ó pe ìyẹn ní EKU_ISE_O. Ó fún un ní nọ́ńbà, ó wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á rẹ́ láìgbàṣẹ ọ̀gá. Mi ò tiẹ̀ rí i. Mo ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé mi, mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, oníbàárà kan tó ń bá wa dán ìwé náà wò kọ̀wé sí wa. Ó ní gbogbo rẹ̀ lọ geere, àwọn ti tẹ ohun tó wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́, àwọn sì ti ní EKU_ISE_O tiwọn. Ó wá béèrè pé kí ni kí àwọn máa kó sínú rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá àwọn ọmọ mi yọjú wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Eku ìṣẹ́? Ṣé eku ìṣẹ́ lẹ wá ń tà fún olówó báyìí?" Mo ju ìrọ̀rí lù ú. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́, torí ọ̀gá mi pè.

Ọ̀gá mi, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Mitchellville, kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n yọ àwòrán náà, kí n wá fi ìkìlọ̀ sókè ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kí éjẹ́ǹtì, kí wọ́n máa lọ tààrà sórí iṣẹ́. Ó fẹ́ ẹ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ náà ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi.

Gbólóhùn kan péré. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Inú bí mi gan-an. Èmi tí mò ń bá àwọn ọmọ tí mo bí síbí fa wàhálà lójoojúmọ́ pé kí wọ́n máa kí àlejò, ṣé èmi náà ni màá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí aráyé má kíni mọ́? Bàbá wọn ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ọ́, pé ìnṣọ́ránsì ò mọ ẹ̀kọ́ ilé. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ".

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wa ní Riverdale Park. Mo bẹ ọ̀gá mi pé ká jọ dán nǹkan kan wò. Ó ń wò mí bí mo ṣe kí éjẹ́ǹtì ní Gẹ̀ẹ́sì pé káàárọ̀, ṣé dáadáa ló jí, kí n tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Éjẹ́ǹtì kí mi padà, ó sì ṣe àtẹ kan ṣoṣo tí mo ní kó ṣe.

"Ó mọ ìkíni nígbà yẹn," ni ọ̀gá mi wí.

"Ìkíni tiyín ló mọ̀, sà. Tèmi ló sọ di ẹrù."

Ó tún àtẹ yẹn wò. Mo ní lọ́kàn mi pé ó parí, iṣẹ́ ti lọ. Ó wá bi mí bóyá ìkíni wa tún ju ẹyọ kan yẹn lọ. Mo ní ó wà fún ẹni tó jókòó, ó wà fún ẹni tó dúró, fún ẹni tí òjò pa, fún ẹni tó ra mọ́tò tuntun, àní fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun. Ọ̀gá mi di orí mú. Mo mọ̀ pé iye àtẹ tó máa kún ilé àwọn oníbàárà ló ń rò. Kíá ló pe ẹni tó ń kọ kóòdù éjẹ́ǹtì wọlé, ó ní bí ẹ̀rọ náà bá rí ọ̀rọ̀ tí kò yé e, kó kọ́kọ́ béèrè kó tó ṣe ohunkóhun. Onítọ̀hún kùn díẹ̀ pé àsìkò ò sí. Ó ṣe é ṣá.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́. Ọ̀gá mi ní ìwé mi dára, pé gbólóhùn tí mo kọ̀ tí mi ò kọ ló sì dára jù nínú rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi jó yí kíṣìnnì ká. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ síbi tí ìkìlọ̀ yẹn ì bá wà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ẹ lè kí i ní èdè ìyá yín. Bí kò bá yé e, yóò bi yín.

Mi ò pa ìyẹn rẹ́.