Àárọ̀ tí Irin Ìlọṣọ Pa Fìrígò Ìyá Mi

Òórùn sítáàṣì gbígbóná, èyí tí a fi ń mú aṣọ le, ṣì máa ń já mi láyà. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Idigny, nítòsí Kétu, ló fà á, láyé ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kámárádì.

Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn là ń gbé, a ò sì ní iná ìjọba. Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù méjì ló wà lábẹ́ tábìlì, pẹ̀lú àpótí irin tó ń sọ agbára wọn di iná ilé. Ìnfátà lẹ ń pè é lónìí. Ẹgbẹ̀ta wáàtì ni wọ́n kọ sí i lára. Torí fìrígò kékeré tó ń mú kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù ni wọ́n ṣe gbé e wá.

Mo fẹ́ràn láti máa jókòó ti ìnfátà náà, kí n máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí a bá tan rédíò, ohùn ìnfátà kì í yí padà. Bí a bá tan abẹ̀bẹ̀ oníná, á kùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fìrígò bá fẹ́ gbéra, á kérora, gílóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fún wa á ṣú lẹ́ẹ̀kan, kó tó rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń bọ̀ láti Okpomèta wá gba abẹ́rẹ́, aṣojú ìjọba náà sì ń bọ̀ wá wò wọ́n. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, kò fẹ́ kí eérú irin eléèédú ta sí kakí rẹ̀, ló bá yá irin oníná lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. Ìyá mi ní kó má kì í bọ iná yẹn. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ mi pè é.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, wo bó ṣe kéré tó. Kò tó ìdajì ilẹ̀kùn fìrígò rẹ."

Mo ti rí ẹgbẹ̀rún wáàtì tí wọ́n kọ sára irin náà. Ó ju agbára ìnfátà lọ. Ta ni mí tí n ó fi kọ́ olùkọ́?

Sítáàṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rùn ni ìnfátà ké, tó sì kú. Bàbá mi yọ irin, ó tún ìnfátà tàn. Fìrígò gbìyànjú, gbogbo rẹ̀ tún kú. Ìwọ̀n ìgbóná inú fìrígò ti kúrò ní mẹ́rin, ó ti di mẹ́fà. Bó bá kọjá mẹ́jọ, dída abẹ́rẹ́ nù ni. Ìyá mi fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn fìrígò.

"Àwọn obìnrin yẹn ti gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n ti wà lọ́nà. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Bàbá mi tún nawọ́ sí bọ́tìnnì.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀, ẹ yọ rédíò. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Fìrígò nìkan ni kó kọ́kọ́ gbéra."

Ó wò mí títí. Ó yọ wọ́n. A jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwọ̀n ìgbóná di méje. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìnfátà kérora, ó pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà fìrígò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Nígbà tí aṣojú dé, ó rí bí kakí bàbá mi ṣe rún, ó bi í bóyá ewúrẹ́ ló sùn lórí rẹ̀. Bàbá mi ní rárá, ọmọ òun ló kọ́ òun lẹ́kọ̀ọ́.

Lónìí, mo ń so ìnfátà fún àwọn ènìyàn ní Kétu. Mo ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n: fìrígò tí ń jẹ ọgọ́rùn-ún wáàtì lè béèrè ìlọ́po márùn-ún nígbà tó bá ń gbéra, èyí tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí kò tíì sinmi, máa ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ò mọ iye rẹ̀, etí rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ohun tí mo fi jù ú lọ ni pé, bí mo bá rí irin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni báyìí, mi ò jẹ́ kó dé ihò iná ara ògiri kí n tó sọ̀rọ̀.