Irin Tó Di Sílè Mú

Ní ọdún tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, mo ṣe irinṣẹ́ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ń di owó ẹyọ mú kí a lè fín nǹkan sí i lójú. Iṣẹ́ náà dára. Mo kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí ohun tó kù kò buyì kún mi.

Obìnrin kan láti Ìpọ̀nrí ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Ó ń fín orúkọ sára owó àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ṣùgbọ́n owó a máa yọ̀ bọ́ nínú fáìsì, irin tó fi ń di nǹkan mú lórí tábìlì rẹ̀. Ó mú sílè fàdákà kan wá kí n fi wọn iṣẹ́. Etí ìró ni ìyá rẹ̀ so ó mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Oríkì ìyá náà ló fẹ́ fín sí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra. Ó ti fẹ́lẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ọwọ́ tó ti ń gbẹ́ irin kí wọ́n tó bí ọ nìyí."

Òfin kan wà tí ọ̀gá mi kọ́ mi, tí èmi náà fi kọ́ gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: bí bóòtù bá ti le, fi ìdajì yíyí kún un. Yíyí ọ̀gá là ń pè é. Ọ̀pá ọkọ̀ akẹ́rù ló wà fún. Mo gbé sílè sáàárín eyín irin mẹ́ta tó wà lára irinṣẹ́ náà, mo yí bóòtù títí ó fi le, ọwọ́ mi kò sì dúró gba àṣẹ kó tó fi ìdajì yíyí kún un. Sílè náà ká láàárín.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń jó irin ní ìsọ̀ kejì yọjú. "Ẹ̀gbọ́n, sílè lẹ dì báyìí àbí tírélà?"

Mo tú bóòtù, mo yọ sílè náà.

Nígbà tí obìnrin náà padà wá, èmi tí mo kàwé títí irun mi fi funfun, tí mo ń bá àwọn ọ̀dọ́ wí nítorí òtítọ́, mo ní, "Ó ti ní àbùkù kí o tó gbé e wá."

Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Bó bá bú mi, ǹ bá bá a jà. Ìdúpẹ́ yẹn ló lé mi padà sídìí iṣẹ́.

Mo tú irinṣẹ́ náà palẹ̀. Mo fi idẹ tí mo gbẹ́ ní òbìrìkìtì rọ́pò eyín irin, mo sì lẹ awọ mọ́ wọn. Mo wá fi èèkàn kékeré kan sí i, tí a ń sún bí owó bá ṣe tóbi tó. Bí owó bá ti dúró, bóòtù kò ní lè yí mọ́, ọwọ́ yòówù kó dì í mú. Owó tèmi ni mo fi dán an wò.

Mo gbé e lọ sí Ìpọ̀nrí fúnra mi. Kí n tó jókòó ni mo wí pé, "Èmi ni mo ba sílè ìyá rẹ jẹ́. Mo purọ́ fún ọ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Àpá eyín mẹ́ta wà létí rẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?"

"Ta ni yóò wo ojú bàbá kó ní wọ́n purọ́?"

Ó gbé sílè náà sínú irinṣẹ́ tuntun. Ó dúró, kò mì. Ṣùgbọ́n ibi tó ká kò ní gba abẹ, lílù kí ó lè tọ́ yóò sì là á. Oríkì kò lè gùn mọ́. Orúkọ ìyá rẹ̀ nìkan ni àyè kù fún.

Ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá, ni mo fa irinṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́.