Ìparí Tí Mo Ń Sọ fún Ìyá Ṣọ́jà

Mi ò gbọ́ èdè Íńdíà, mi ò gbọ́ ti Ṣáínà. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti kúrò nílé ìwé, èyí tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń túmọ̀ fíìmù fún gbogbo ilé wa ní Òkókómáíkò. Tí mo bá ti jókòó sídìí tẹlifísàn, èmi ni ọ̀mọ̀wé wọn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún fídíò ṣe ní Alábà ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Páálí ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì ọ̀gá mi tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló máa ń gbé fídíò tó bàjẹ́ wá, wọ́n á gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀, ọkọ̀ wọn á sì gbéra lọ. Kò síbi tí fíìmù inú páálí yẹn kò ti wá. Ti Íńdíà wà níbẹ̀, ti Ṣáínà, ti Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń sọ Faransé, ti ìlú òyìnbó kan tó jẹ́ pé yìnyín ṣáá ló ń bọ́ níbẹ̀. A máa ń fi wọ́n dán ẹ̀rọ wò ni. Tó bá di Sátidé, ọ̀gá mi á ní kí n mú méjì lọ sílé.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, bàbá onílé á gbé tẹlifísàn àti fídíò wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ará ilé tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé á jókòó pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ẹni tó sì máa ń sún mọ́ mi jù ni Ìyá Ṣọ́jà, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa. Àgbọn ni wọ́n ń tà lẹ́nu géètì báráàkì Ọ̀jọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ṣọ́jà ni, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sógun Làìbéríà. Látìgbà tó ti lọ, ìyá rẹ̀ ò gbúròó rẹ̀.

Fíìmù Íńdíà kan ni irọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan wà ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ó ń retí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá Ṣọ́jà fọwọ́ tọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló ń wí?"

"Ó ní ọmọ òun á dé, mà."

Mo ti wò ó tán ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé òkú ọmọ yẹn ni wọ́n máa gbé dé, tí wọ́n á tẹ́ ẹ sórí igi, tí wọ́n á sì dáná sun ún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Mo ní téèpù rẹ̀ ti há.

"Ìwọ àti kásẹ́ẹ̀tì ẹ!" Bíríkìlà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ibi tó bá ti fẹ́ dùn gan-an ló máa ń há sí!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Ṣọ́jà wí. Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Ó padà wálé, mà. Wọ́n tiẹ̀ gbéyàwó fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín lẹ́nu wọn kẹ́yìn, ó sì dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Bàbá arúgbó kan nínú fíìmù Ṣáínà, tó dá nìkan lọ kojú ọ̀tá, mo ní ó ṣẹ́gun, ó lọ dáko. Ti ìlú oníyìnyín yẹn, kò sí ìjà níbẹ̀, obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà lójú fèrèsé. Gbogbo ilé dìde, ó ku èmi àti Ìyá Ṣọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ń sáré ju ojú mi lọ, mo kàn ń sọ èyí tó wù mí ni.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan bẹ́ẹ̀, a ò tíì fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé láti báráàkì. Ó béèrè Ìyá Ṣọ́jà, ó fún wọn ní lẹ́tà, ó ní ọmọ wọn ló fi rán òun, mọ́tò sì ń dúró de òun. Wọn ò tiẹ̀ wo lẹ́tà náà. Wọ́n nà án sí mi.

"Gbà, ọmọ mi. Túmọ̀ ẹ̀ fún mi."

Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n sì fi ọwọ́ kọ ọ́ wúruwùru. Mi ò lè kà á já. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ níbí náà: mo rí "ọsibítù" nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rí orúkọ àdúgbò kan ní Èkó níbí. Mo rí ibi tí wọ́n kọ "wá kíá" sí. Mo gbójú sókè, gbogbo ilé ń wo ẹnu mi, bí wọ́n ṣe máa ń wò ó.

"Ó ní ẹ kú ilé, mà. Ara òun le. Wọ́n ti kó wọn padà sí Nàìjíríà. Ó ní kẹ́ ẹ dúró sílé, òun máa wá bá yín."

Ilé hó yèè. Bíríkìlà gbé Ìyá Ṣọ́jà sókè. Kò sẹ́ni tó rán mi ní ọ̀rọ̀ "kẹ́ ẹ dúró sílé" yẹn. Bí mo ṣe máa ń parí fíìmù ni mo ṣe parí lẹ́tà.

Mo ní tí ilẹ̀ bá mọ́, màá sọ fún wọn pé mi ò kà á dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀gá mi bá wa kà á. Ilẹ̀ mọ́, mo bá wọn tí wọ́n ń fi ẹfun kun ògiri yàrá. Wọ́n ti ra ẹní tuntun. Mo kí wọn, mo bá tèmi lọ sí Alábà. Wọn ò lọ ta àgbọn mọ́, kí ọmọ wọn má baà dé kó má bá ẹnì kankan nílé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, ṣọ́jà kan dé, ó ń fi igi abẹ́ abíyá rìn.

"Mama, ẹ ò wá," ó wí. "Ojoojúmọ́ ló ń béèrè yín. Títí di Tọ́sìdeè tó dákẹ́."

"Níbo?"

Ó dárúkọ ọsibítù náà. Téèyàn bá wọkọ̀ ní Ìyánà-Ìbá, ẹ̀ẹ̀kan ló máa sọ̀ kalẹ̀ kó tún òmíràn wọ̀, ó ti débẹ̀.

Ìyá Ṣọ́jà wọlé lọ mú lẹ́tà náà jáde látinú Bíbélì. Ṣọ́jà yẹn kà á fún wọn sókè, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń pè é. Bíríkìlà dìde, ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Ìyá Ṣọ́jà wí.

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Mi ò sì mú kásẹ́ẹ̀tì wálé mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń fọ́ àgbọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n jókòó.

"Obìnrin ará Íńdíà yẹn, tó wà ní rélùwéè. Ṣé ọmọ ẹ̀ wálé?"

"Rárá, mà. Òkú ẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Wọ́n dáná sun ún."

Wọ́n fọ́ àgbọn kan, wọ́n da omi rẹ̀ sínú abọ́.

"Bàbá ará Ṣáínà ńkọ́?"

"Wọ́n pa á, mà."

"Èyí tó ń kọ lẹ́tà, níbi tí yìnyín wà?"

Mo rántí fèrèsé yẹn, mo rántí ọwọ́ obìnrin náà lórí ìwé.

"Mi ò mọ̀, mà. Mi ò lè kà á."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbójú sókè wò mí.

"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n wí. "O ò bá kàn ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Wọ́n kó àgbọn wọn sórí àtẹ, wọ́n gbé e rù, wọ́n kọrí sí báráàkì.